Gìtá Orí Àjà

Òórùn èéfín ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjerò, kí màmá kan tó wọlé. Mo wà lẹ́yìn kọ́ńtà, mo ń tú ìdí rédíò kan, mo sì gbé orí sókè nítorí mo rò pé nǹkan kan ń jó. Kò sí ohun tó ń jó. Obìnrin àgbà kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò kòkó kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó ń wo inú ṣọ́ọ̀bù bóyá ibi tó ń wá ló dé.

Bàbá mi ló máa ń dá oníbàárà lóhùn. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀. Bó ṣe wà láàrin wa nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ọdún kejì ní girama, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jókòó: òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Òun ń gba rédíò lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, ó ń bá wọn ṣàwàdà. Èmi ń tú u, mo ń fi òjé jó wáyà tó bá já, mo ń dá a padà sórí kọ́ńtà. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ti ń wá tipẹ́ tí wọn ò mọ̀ pé mo lóhùn.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ni bàbá mi wí. "Ṣé ẹran ìgbẹ́ lẹ yan wá fún wa ni?"

"Ẹran kọ́." Màmá náà gbé àpò lé orí kọ́ńtà. "Orogún mi ni."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Orogún yín gbẹ o."

"Ó ti pẹ́ lórí iná. Bí ìwọ náà bá pẹ́ tó o lórí iná, wàá gbẹ."

Ó tú okùn àpò. Gìtá ló wà nínú rẹ̀, gìtá oníná, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ kó tó dún síta. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èéfín ti dì mọ́ ọn lára, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Òwú aláǹtakùn tó wà lára rẹ̀ pàápàá ti le bí okùn. Nínú àwọn okùn tó yẹ kó wà lójú rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù ti dípẹtà, ó sì ti ká jọ sí ìdí.

Màmá jókòó lórí àga oníbàárà, ó sì ṣàlàyé. Ìkòrò ló ti wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ọ́, ó wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré káàkiri Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n, títí dé Èrìjìyàn, níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ó di onígbàgbọ́ tòótọ́, olùṣọ́àgùntàn ìgbà náà sì sọ fún un pé orin ọtí ni gìtá yẹn mọ̀, kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Kò fọ́ ọ. Kò tà á. Ó gbé e lọ sórí àjà ilé ìdáná, ó so ó mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo irúgbìn.

Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe. Ohun tí àgbẹ̀ ò bá fẹ́ kí ikán tàbí kòkòrò jẹ, òkè iná ló ń gbé e sí. Àgbàdo tí wọ́n máa gbìn nígbà òjò tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló ń wà, èéfín á máa rọ́ lù ú lójoojúmọ́, kòkòrò ò sì ní sún mọ́ ọn. Bàbá náà ti fi gìtá rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni fi irúgbìn pa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sì dáná lábẹ́ rẹ̀ títí àwọn ọmọ fi dàgbà, tí wọ́n fi lọ.

"Ojú rẹ̀ ti lọ báyìí," ni màmá wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, wọ́n sọ nílé ìwòsàn pé ó ti pẹ́ jù. Kò lè lọ sóko mọ́. Àwọn ọmọ ra rédíò fún un, ó ní ariwo ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó kàn gbé e lé orúnkún. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti kékeré! Bí mo bá gbé uyán síwájú rẹ̀, èmi ni mo máa mú ọwọ́ yẹn bọ inú abọ́. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ti ṣe tán láti lọ."

Bàbá mi ò ṣàwàdà mọ́.

"Mo fẹ́ kí ọwọ́ yẹn rí nǹkan ṣe," ni màmá wí, "kó má bàa kú ṣáájú rẹ̀."

"Ṣé bàbá mọ̀ pé ẹ gbé e wá?"

"Kò mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbé e gòkè, kò dárúkọ rẹ̀ rí."

Bàbá mi yí gìtá náà síwá sẹ́yìn. Ó fi èékánná ha ara rẹ̀, àwọ̀ pupa kan yọ díẹ̀ lábẹ́ èéfín. Ó mi orí. Ó ní gìtá kì í ṣe rédíò, iṣẹ́ òyìnbó àtijọ́ nìyí, kò sí ẹni tó ń ta èlò rẹ̀ mọ́, ìgbà tí ohùn ò bá sì jáde, màmá á ní àwọn ló bà á jẹ́. Ó ti ń yí ẹnu àpò padà bò ó.

"Ẹ jẹ́ kó wà," ni mo wí.

Bàbá mi wẹ̀yìn, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn rédíò ló sọ̀rọ̀. "Ta nìyẹn?"

"Ọmọ rẹ ni," ni màmá wí. "Ṣé o rò pé odi lo bí ni?"

Mi ò lè sọ ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀. Mo ti rí i pé inú gìtá náà ò lè le ju inú rédíò lọ, bóyá ìyẹn ni. Wáyà ni, irin ni, igi ni.

Èéfín yẹn pẹ́ kó tó kúrò. Aṣọ tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì ni mo fi ń nù ún, díẹ̀ díẹ̀, torí bí mo bá ha á, ọ̀dà á bá a lọ. Lálẹ́, èèyàn ò lè jẹun tì mí nítorí òórùn. Àwọ̀ rẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn: pupa bí epo tuntun láàrin, dúdú ní etí. Ọ̀dà náà ti sán bí ètè nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí. Mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń tún gìtá ṣe lórí fóònù. Wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ jù fún mi, mo bá pa ohùn wọn, mo ń wo ọwọ́ wọn nìkan. Ọwọ́ ò ní èdè.

Èéfín ti gba igi lọ́wọ́ ikán lóòótọ́. Kò sí ihò ikán kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru iná ti gbẹ gọ́ọ̀mù tó so ọrùn mọ́ ara, débi pé èèyàn lè ki èékánná bọ àárín wọn. Mo gba gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ káfíńtà, mo rọ ọ́ sí i, mo sì fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ dì í gírígírí, bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Mo fi sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ dáadáa. Bàbá mi máa ń kọjá lára rẹ̀, á ní, "Ṣé aláìsàn ti jẹun?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn náà, lápá òkè níbi tí àtàǹpàkò olórin máa ń gbà, mo rí àwọn ibi tó ti gé wọnú igi. Wọn ò tóbi. Èéfín ti kún inú wọn, wọ́n rí wúruwùru. Mo rò pé kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kó tó dé orí àjà. Mo po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, mo dí wọn, mo fi sáńpépà ha ojú wọn títí ó fi jọ̀lọ̀, mo sì fi fáníìṣì kùn ún. Bàbá mi fi ọwọ́ rá a, ó ní ó dà bí igi tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi.

Ibi tí ohùn ti ń wá ló le jù. Lábẹ́ àwọn okùn, gìtá oníná ní àpótí pẹlẹbẹ méjì. Irin tó ń fa irin wà nínú wọn, wọ́n sì wé wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ mọ́ ọn lára léraléra, kó tó wá kún. Mo fi mítà tó ń sọ bóyá wáyà yè wò wọ́n. Ọ̀kan yè. Èkejì ti kú. Ìda tí wọ́n fi bo wáyà rẹ̀ ti yọ́ lórí iná, wáyà sì ti já níbi tí ojú ò lè dé. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe ju kó tú gbogbo rẹ̀, kó sì fi wáyà mìíràn wé e. Mo rí wáyà lára tíránfọ́mà kékeré inú rédíò kan tí ẹni tó ni ín ti pa tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ wé e, ó já. Mo so ó, mo tún wé e, ó tún já.

Obìnrin aránṣọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ará Ọ̀ṣun bí àwa náà, tí iṣẹ́ ọwọ́ gbé wá sí Ìjerò. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ kékeré tó fi ń wé òwú sínú bọ́bì, ẹsẹ̀ ló sì fi ń wa ẹ̀rọ náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi rí mi.

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ẹ̀rọ yín wé nǹkan."

"Yéè! Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ onírédíò sọ̀rọ̀!" Ó pariwo débi pé obìnrin tó ń dán aṣọ wò lẹ́yìn kọ́tìnnì yọ orí. "Ìwọ tó máa ń sá fún mi láàárọ̀ kó o má bàa kí mi. Kí lo fẹ́ wé?"

Mo fi wáyà hàn án. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ṣé ẹ̀fúùfù ni mo fẹ́ wé ni.

Síbẹ̀ ó gbà. Mo fi igi kékeré kan di àpótí pẹlẹbẹ náà mọ́ ibi tí bọ́bì máa ń wà. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, èmi jẹ́ kí wáyà máa gba àárín ìka mi kọjá. Bó bá yára díẹ̀, wáyà á já. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ kan tó falẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé e. Oníbàárà tó wá gba bùbá, ó lé e padà: "Ṣé o ò rí i pé à ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni?" Nígbà tó kún, ìka mi ti kú tipiri. Mo fi mítà wò ó níbẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà náà sì sún. Aránṣọ béèrè bóyá ó ti yè, mo ní ó ti yè, ó ní kí n wá máa kí òun láàárọ̀ nígbà náà.

Okùn tuntun, awakọ̀ kan ló bá wa rà á ní Adó. A tan jẹnẹrétọ̀, mo so gìtá mọ́ ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn síta, tí bàbá mi fi ń dán rédíò wò. Ìró bí ìró oyin ló kọ́kọ́ jáde. Bàbá mi fi ìka ta okùn kan. Ohùn náà nípọn, ó sì pẹ́ kó tó tán. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta nínú wa. Bàbá mi ń ta okùn kan ṣoṣo yẹn, ó ń ta á, ó ní, "Ohùn rẹ̀ dàgbà." Àwọn èèyàn yà wá wò ó, wọ́n kọjá.

Nígbà tó di pé ká gbé e lọ sí Ìkòrò, nítorí màmá ti ránṣẹ́ pé ọkọ òun ò ní gbà láti jáde nílé, mo dúró de bàbá mi. Ó ní, "Ta ló ní kó wà? Ẹni tó ní kó wà ló máa gbé e lọ." Mo dì í sínú àpò tó mọ́, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo sì gun ọ̀kadà.

Wọ́n sá kòkó síwájú ilé náà. Bàbá, ọkọ màmá, jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ojú sí títì bí ẹni ń wò ó. Àgbàlagbà tó ga ni, èjìká rẹ̀ ṣì gbòòrò. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe wí, ó sì tóbi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè bí ohun tí èèyàn gbàgbé síbẹ̀. Màmá jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọbìnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Ìjerò ni," ni màmá wí.

"Rédíò mi ò bàjẹ́. Èmi ni mo pa á."

"Kì í ṣe rédíò ló gbé wá." Màmá ti dìde, ó gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Gba ẹrù rẹ."

Màmá ò fi ọ̀wọ̀ "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin ara wọn. Bàbá mi ti ń gbé ní Ìjerò kí wọ́n tó bí mi, ó sì ṣì ń yà á lẹ́nu.

Bàbá ò mira. Ó gbé imú sún mọ́ igi náà. "Ó ń rùn kẹrosíìnì," ni ó wí. "Ta ló gbé e sọ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan lo gun àjà? Ṣé o fẹ́ ṣubú kú ni?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan nínú ulé yìí."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí orúnkún. Mo rí i, màmá náà rí i. Ó di ọrùn gìtá mú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó padà sókè. Ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ń lọ, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Ó dúró.

"Eléyìí kì í ṣe tèmi."

"Kí lo ń sọ?" ni màmá wí.

"Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ní Ìjerò. Tèmi ní àmì. Ọwọ́ mi ni mo fi gé e sí i." Ó ti gìtá náà kúrò lẹ́sẹ̀, bí kì í bá ṣe pé mo gbá a mú, ilẹ̀ ni ì bá bọ́ sí.

Màmá yíjú sí mi. Kò bínú, ó kàn ń wò mí. "Ọmọ, ṣé ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, olè ni wọn yóò máa pè wá ní Ìkòrò. Síbẹ̀ ó ṣòro.

"A ò pààrọ̀ rẹ̀, màmá. Èmi ni mo dí àwọn àmì náà."

"O dí wọn," ni bàbá wí.

"Mo rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́ ni, bàbá."

Adìẹ kan ń ṣá kòkó jẹ, màmá ò lé e.

"Kòkòrò," ni bàbá wí. "Kòkòrò wo ló mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrú, ó sì di ikọ́ kó tó parí.

Ó wá sọ fún mi, ó ń kọ ojú sí títì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n máa ń ṣe àáró: gbogbo ẹgbẹ́ á lọ kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn lọ́la. Bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á kó ọkọ́ jọ sójú kan. Ọkọ́ jọra. Torí náà olúkúlùkù á fi ọ̀bẹ gé àmì tirẹ̀ sára igi ọkọ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ ò tiẹ̀ mọ́, ọwọ́ á mọ ti ara rẹ̀. Nígbà tó ra gìtá, ó gé àmì ọkọ́ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó gé àwọn mìíràn, síbi tó yẹ kí ọwọ́ ti dúró, nítorí ní òde eré ìgbà yẹn, ibi tí àwọn oníjó wà ni wọ́n ń gbé àtùpà kọ́, inú òkùnkùn sì ni àwọn olórin ń jókòó sí.

"Ojú ò sí nínú rẹ̀ nígbà yẹn náà," ni ó wí. "Ọwọ́ ni. Ohun tí ẹ gbé wá yìí, igi lásán ni. Gbé e padà."

Ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún.

Ọmọ àgbẹ̀ kankan ní Ìkòrò, bó ti wù kó kéré, ì bá mọ ohun tí àwọn ibi gígé yẹn jẹ́. Èmi ò ní ọkọ́. Àwa tí a wá ṣiṣẹ́ ọwọ́, a ò ní oko, a kì í bá wọn lọ sí àáró, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Màmá padà sídìí iṣu rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tó gbé gìtá wá sọ́dọ̀ wa, ọkọ rẹ̀ lè má mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Báyìí ó ti mọ̀ pé kò sí mọ́. Mo rò pé ohun tó ń rò nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún wọn gé."

"Ta ni yóò gé e?"

"Ẹ̀yin ni. Màá fi ìka tẹ ibi tẹ́ ẹ bá ní."

Mo lọ bá màmá, mo ní kó jọ̀ọ́, kó yá wa lọ́bẹ.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Fún ẹni tí kò ríran?" Ohùn rẹ̀ ròkè kí bàbá lè gbọ́. "Kó wá gé ọwọ́ tó ṣẹ́ kù fún mi?"

"Gbé ọ̀bẹ wá, obìnrin yìí," ni bàbá wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màmá wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ọ̀bẹ iṣu náà sára ìró rẹ̀, ó fún mi.

Kò sí iná ìjọba ní Ìkòrò lọ́jọ́ náà, mi ò sì gbé ámúpù dání. Bàbá fi etí lé ara igi gìtá. Ó tẹ okùn mọ́lẹ̀, ó ta á, ó gbọ́. "Ó kọjá." Ó sún ìka. "Padà díẹ̀. Níbẹ̀ yẹn." Mo fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó wá ìka mi rí, ó gbé ẹnu ọ̀bẹ tì í.

"Ìka rẹ dà?"

"Ó wà níbẹ̀, bàbá."

"Sún un kúrò, kí n má gé ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni màá rí bá ṣàlàyé?"

Ó gé e. Fáníìṣì tí mo ti fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ṣí bí èèpo, igi funfun yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò dára ní wíwò. Ọ̀kan gùn jù, òmíràn wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó lọ sí èyí tó kàn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tún fi ọ̀bẹ gé e jìn sí i. Nígbà tó dé ìdí ọrùn, níbi tí àmì ọkọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kò béèrè ìka mi. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó yára, bí ẹni ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀.

Ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò dùn. Ìka rẹ̀ ti le, wọ́n ń pẹ́ dé ibi tó rán wọn, ó sì ń bú wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Á ta ibì kan, á ṣì í, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní okùn kan dẹ̀, mo bá a fún un. Ó ní mo fún un jù. Mo tún un dẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ibi gígé wọ̀nyẹn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán.

"Odó yẹn ń dà mí láàmú!" ni bàbá wí.

"Kí n má gúnyán mọ́?"

"Gún un jẹ́ẹ́jẹ́."

"Ta ló ń gúnyán jẹ́ẹ́jẹ́? Ṣé ọmọ tuntun ni mò ń rẹ̀ lẹ́kún ni?"

Kò gún un jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá kàn mirí, ó tún gbé etí lé ara gìtá kó lè gbọ́.

Nígbà tí iyán kúnná, màmá gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ àti omi ìfọwọ́. Ó gbé àga kékeré sí i níwájú. "Wá jẹun."

"Mò ń bọ̀."

Ó dúró. Èéfín ń rú lójú iyán. Bàbá dé ibi tó máa ń ṣì, ó ṣì í, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Uyán ń tutù."

"Mo ní mò ń bọ̀! Jẹ́ kí n kọjá ibí yìí ná."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀, èyí tó di ọrùn gìtá mú àti èyí tó ń ta okùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé abọ́ iyán náà kúrò níwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé e wá síwájú mi.

"Jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná," ni ó wí.

Èmi kì í jẹun nílé ẹni tí mi ò mọ̀. Mo fọwọ́, mo sì jẹ ẹ́. Ẹja yíyan wà nínú ọbẹ̀ náà. Bàbá ò gbọ́ nígbà tí mo dúpẹ́. Màmá ti padà wọ ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu mìíràn.